Ayálégbé mi jẹ mí lówó ilé oṣù 16, ìyàwó rẹ̀ ló sì ń tọ́jú mi

Ìyá Olùkọ́, Ìkòròdú:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin onílé ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin ayálégbé tó wà láàárín wa. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí. Ìkòròdú ni mò ń gbé, lọ́nà Ṣàgámù. Èmi àti ọkọ mi la jọ kọ́ ilé yìí. 1998 la ra ilẹ̀, 2006 la kó wọ inú rẹ̀, a kò tíì rẹ́ ògiri, pákó la fi dí ojú fèrèsé. Ọkọ mi jáde láyé ní 2016. Fúláàtì iwájú ni mò ń gbé, mínì fúláàtì mẹ́rin wà lẹ́yìn tí mo fi ń gba ayálégbé. Owó ìfẹ̀yìntì mi kò tó jẹun. Owó ilé wọ̀nyí ni mo fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, òun ni mo sì fi ń tún ilé ṣe.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí n sùn ni ẹni tí mo máa pè ní Bàbá Ìbejì. Oṣù kẹta 2019 ló wọlé, ₦150,000 lọ́dún. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló ń tà. Kí ọjọ́ owó ilé tó pé ló ti máa ń kó o wá, á tún ra búrẹ́dì dání. Mo ń fi díẹ̀ díẹ̀ kún owó náà títí ó fi di ₦300,000 ní 2023, kò sì bá mi jà sí i. Ìparí ọdún yẹn ni wọ́n wó ìsọ̀ tí ó ti ń tajà, ọjà rẹ̀ bàjẹ́, látìgbà náà ni nǹkan ti yí padà. Láti oṣù kẹta 2024 títí di ìparí oṣù kẹfà 2025 tó kọjá yìí, oṣù 16 gbáko, ₦60,000 péré ni mo rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà Kérésì. ₦25,000 lóṣù, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ₦400,000. Ẹ yọ ₦60,000 kúrò, ó ku ₦340,000.

A kò ní ìwé àdéhùn. Ẹnu la fi sọ ọ́ lábẹ́ igi máńgòrò. Rìsíìtì náà, mo ń kọ ọ́ fún un ní ọdún méjì àkọ́kọ́, nígbà tó yá mo dákẹ́, torí mo ti sọ ọ́ di ọmọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù nìyí. Ní oṣù kejì ọdún yìí, òyì kọ́ mi lẹ́bàá kànga, mo ṣubú. Ìyá Ìbejì ló gbé mi sínú kórópe lọ sí ọsibítù, ó sùn tì mí lóru méjì lórí bẹ́ǹṣì. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo Sátidé ló ń wá kó aṣọ mi fọ̀. Bí mo bá ní kó fi í sílẹ̀, á ní, "Màmá, ṣé ìyá mi náà kọ́ lẹ jẹ́ ni?" Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ìwé ìkójáde lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́?

Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Ìbàdàn ní òun ń bọ̀ wá fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn wọn. Mo ní kó má wá. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo bá ìyàwó ilé kẹta sọ̀rọ̀ owó, ohun tó fi dá mi lóhùn ni pé, "Màmá, bí Bàbá Ìbejì bá san tiẹ̀, àwa náà á san." Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé ibí.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà nílẹ̀, mo kàn fẹ́ mẹ́nu bà wọ́n ni. Ilé méjì ló ń lo mítà kan ṣoṣo. Ọ̀kan nínú wọn ní fìrísà tó fi ń ta omi tútù, ìjà iná kò tán láàárín wọn. Sókàwéè ti kún, kò sẹ́ni tó fẹ́ dáwó. Ọmọkùnrin tó gba ilé kẹrin sọ fún mi pé òun nìkan ló máa gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rin mìíràn ti wà níbẹ̀ báyìí.

Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo ṣe lè gba owó mi tàbí ilé mi láìhùwà ìkà?


Ọmọ Ọlọ́jà, Ṣómólú:

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àánú yín ló ń ṣe yín ní ibi. Ìgbà òjò la wà. Ẹ ní kí káfíńtà ká páànù mẹ́ta péré lórí yàrá wọn, ọ̀sẹ̀ kan kò ní pé tí wọn á fi wá ibi tí wọ́n máa gbé. Bàbá mi ṣe é fún ayálégbé méjì, àwọn méjèèjì kó jáde. Bí ẹ kò bá fẹ́ ìyẹn, ẹ já wáyà iná wọn. Ẹ̀yin lẹ kọ́lé, kì í ṣe ìjọba.


Bàbá Onílé, Agége:

Màmá, ẹ kú ìnira. Ọmọ Ọlọ́jà, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ìyá yìí ló mú ọ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí o sọ yẹn á gbé e dé àgọ́ ọlọ́pàá. Mo mọ ọ̀nà ibẹ̀, mo ti rìn ín rí.

Yàrá mẹ́fà ló wà nínú ilé tèmi, ojúlé kọjú sójúlé. Ní 2014, ayálégbé kan jẹ mí ní ₦180,000. Mo bínú, mo ká páànù orí yàrá rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, òun kò sí nílé. Òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ bàjẹ́, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bàjẹ́, ìwé ẹ̀rí ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ fi wọ yunifásítì rẹ ṣìnkìn. Nígbà tí mo rí ọmọbìnrin náà tó ń sá ìwé yẹn sórí kóńkéré lọ́jọ́ kejì, mo mọ̀ pé mo ti ṣe ohun tí kò dáa. Wọ́n fi ọlọ́pàá mú mi. Mo sùn sẹ́yìn káńtà lóru kan, ẹni ọdún 58 ni mí nígbà náà. Nígbà tí lọ́yà rẹ̀ àti tèmi máa fi parí ọ̀rọ̀, ₦420,000 ni mo san fún un. Ó sì tún gbé inú yàrá náà fún oṣù 11 sí i. Èmi náà ni mo dá páànù padà.

Látìgbà yẹn, ohun tí mò ń ṣe rèé. Mo ra ìwé ńlá kan, ayálégbé kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀. Ọjọ́ tó wọlé, iye tó san, ọjọ́ tó san án, ohun tó bàjẹ́, ọjọ́ tí mo tún un ṣe, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá pẹ́ lọ́sẹ̀ méjì, mi ò ní dúró kó di oṣù mẹ́ta. Màá lọ bá a lálẹ́, lẹ́yìn tó bá ti jẹun, nínú yàrá rẹ̀, èmi àti òun nìkan. N kì í sọ̀rọ̀ owó ní àárín ilé níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń gbọ́, torí ẹni tí a bá dójú tì lójú ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wá owó mọ́, ìjà ló ń wá. Gbogbo ohun tí a bá jọ fẹnu kò sí, a ó kọ ọ́, òun á buwọ́ lù ú, èmi náà á buwọ́ lù ú.

Ẹ̀yin náà ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kíákíá. Ẹ kọ ₦340,000 yẹn sílẹ̀ kí ó fọwọ́ sí i pé òun jẹ ẹ́. Láìsí ìwé, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú adájọ́, ó lè ní òun ti san án fún yín lọ́wọ́.

Ní ti iná, mítà kékeré ni mo fi sí yàrá kọ̀ọ̀kan, èyí tí oníṣẹ́ iná máa ń so mọ́ abẹ́ mítà ńlá. Iye tí mítà rẹ bá kà ni wàá dá nígbà tí a bá fẹ́ ra iná. Ìjà parí lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ní fìrísà kò ṣẹ̀, ẹni tí kò ní fìrísà ló kàn ń jìyà rẹ̀ bí wọ́n bá jọ ń lo mítà kan. Sókàwéè: bó bá jẹ́ pé ó ya tàbí ó wó, tiyín ni. Bó bá jẹ́ pé ó kún ni, ẹ pín owó ọkọ̀ tó máa fà á sí iye orí tó wà nínú ilé, kì í ṣe iye yàrá, kí ẹ̀yin náà sì dá tiyín. Ẹ ó rí i pé ọmọkùnrin ilé kẹrin á tètè sọ iye èèyàn tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá tún gba ilé lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ iwájú, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó máa sùn níbẹ̀ sínú ìwé.


Agbẹjọ́rò Yàbá:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, Màmá. Ohun tí Bàbá Agége sọ ló tọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi òfin gbè é lẹ́sẹ̀.

Òfin tó de ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé ní ìpínlẹ̀ Èkó ni èyí tí wọ́n ṣe ní 2011. Kò kan Àpápá, Ìkẹjà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island, ṣùgbọ́n Ìkòròdú wà lábẹ́ rẹ̀ dáadáa. Òfin náà ka àdéhùn ẹnu sí àdéhùn, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù pé ẹ kò ní ìwé. Ọdọọdún ni Bàbá Ìbejì ń san owó, ayálégbé ọlọ́dún ni. Irú rẹ̀, tí kò bá sí àdéhùn mìíràn láàárín yín, kúìtì nótíìsì oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí i. Bí oṣù mẹ́fà náà bá pé tí kò kó, ẹ ó tún fún un ní nótíìsì ọlọ́jọ́ méje pé ẹ ń lọ sí kóòtù láti gba ilé yín. Lẹ́yìn ìyẹn ni kóòtù. Adájọ́ nìkan ló lè ní kí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta.

Ẹni tó bá ká páànù, tó yọ ilẹ̀kùn, tàbí tó fi ipá lé ayálégbé jáde láìsí àṣẹ kóòtù ti ṣẹ̀ sí abala 44 òfin náà. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦250,000, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó oṣù mẹ́fà. Omi àti iná náà, onílé kò gbọ́dọ̀ gé e láti fi jẹ ayálégbé níyà. Ẹ sọ fún ọmọ yín ní Ìbàdàn kó fi àgádágodo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

Nótíìsì náà, ẹ kọ ọ́ kó yé, kí ẹ fi lé e lọ́wọ́ tàbí lé àgbàlagbà tó ń gbé inú ilé náà lọ́wọ́. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àṣìṣe kékeré nínú nótíìsì lè da ẹjọ́ onílé rú. Ní 2021, nínú ẹjọ́ Pillars Nigeria Limited àti Desbordes, Adájọ́ Helen Ogunwumiju ti ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé kò yẹ kí ayálégbé máa fi irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ bojú láti máa gbé ilé onílé lọ. Síbẹ̀, ẹ kọ tiyín dáadáa. Bí ẹ bá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti fún un ní nótíìsì, ẹ kọ ọ́ sára rìsíìtì pé gbèsè àtẹ̀yìnwá lẹ gbà, kí ó má baà sọ pé ẹ ti gba owó ilé tuntun, ẹ ti fa nótíìsì ya.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí kóòtù, ẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre, ibi ìlàjà ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló ni ín, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á pe òun náà, ẹ ó jókòó, ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀.

Ayálégbé tuntun tí ẹ bá máa gbà, ẹ fún un ní ìwé àdéhùn ọlọ́dún kan tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Bí ọjọ́ ìparí bá ti kọjá, òfin kò béèrè kúìtì nótíìsì mọ́, nótíìsì ọlọ́jọ́ méje nìkan ló kù. Ẹ má sì gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tuntun, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Rìsíìtì kì í ṣe ohun tí ẹ lè fún un tàbí kí ẹ má fún un, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.


Àbẹ̀kẹ́, Muṣin:

Ẹ kú àárọ̀, Màmá. Ayálégbé ni èmi, ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa.

Èmi náà jẹ gbèsè owó ilé rí, oṣù mẹ́sàn-án, nígbà tí wọ́n dá ọkọ mi dúró níbi iṣẹ́. Agogo márùn-ún ìdájí ló ti máa ń jáde kí onílé má baà rí i, agogo mọ́kànlá alẹ́ ló ń wọlé. Àwọn èèyàn ń sọ pé ó ń yan fanda. Ojú ló ń tì í. Mo fẹ́ kí ẹ wo Bàbá Ìbejì bóyá bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe.

Ohun tí àwọn onílé kì í rò ni pé ẹni tí kò ní owó ilé kò ní owó tí ó máa fi kó jáde. Láti gba yàrá kan ṣoṣo báyìí, owó ọdún kan, owó àjẹ́ńtì, owó àdéhùn, owó ọkọ̀ tó máa kó ẹrù. Níbo ló ti fẹ́ rí i? Torí náà, á jókòó síbi tó wà, gbèsè á máa ga sí i, ẹ̀yin á máa rò pé ọ̀dájú ni. Onílé wa nígbà náà sọ fún wa pé, "Oṣù mẹ́rin tó ń bọ̀, mi ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Ẹ fi kó owó yàrá kékeré jọ, kí ẹ jáde, kí ẹ wá máa san gbèsè mi díẹ̀ díẹ̀." A sunkún lọ́jọ́ náà. A jáde nígbà tó di oṣù kẹta nínú oṣù mẹ́rin náà, a sì san gbogbo rẹ̀ tán, ó gbà wá tó ọdún kan ààbọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo tún bẹ̀ yín. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìwé lé wọn lọ́wọ́, ẹ sọ fún ìyàwó yẹn ṣáájú, pẹ̀lú ẹnu ara yín. Ẹ má jẹ́ kó bá a lára ilẹ̀kùn. Aṣọ tó ń fọ̀ yẹn, kò fọ̀ ọ́ torí owó ilé.


Ìyá Olùkọ́, Ìkòròdú:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá yín gbọ́ tiyín. Oṣù kẹsàn-án rèé, mo ní kí n padà wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Mo pe Ìyá Ìbejì wọ pálọ̀ mi. Mo ti kọ ìwé nótíìsì oṣù mẹ́fà náà, ó wà lábẹ́ Bíbélì. Mo sọ fún un pé ìwé kan wà tí mo fẹ́ fún ọkọ rẹ̀, pé owó oògùn mi ló ti wà nínú ilé wọn láti oṣù 16. N kò mọ̀ bí ohùn mi ṣe máa jáde, ó gbọ̀n. Ó kúnlẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ọkọ rẹ̀ wá lálẹ́ ọjọ́ náà. Àbẹ̀kẹ́, òótọ́ lo sọ, ẹsẹ̀ mi ló ń wò títí tó fi lọ. Ó gba nótíìsì, ó buwọ́ lù ú, ó tún buwọ́ lu ìwé ₦340,000.

A lọ sí ibi ìlàjà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé wọ́n á jáde ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní. Láti oṣù keje títí di ìgbà náà, mi ò ní gba owó ilé, kí wọ́n fi wá yàrá. Nínú gbèsè, mo yọ ₦100,000 kúrò fún wọn. ₦240,000 tó kù, ₦20,000 lóṣù fún ọdún kan, bí wọ́n tilẹ̀ ti jáde. Bí wọn kò bá jáde lọ́jọ́ tí a dá, mo lè gba kóòtù lọ. Ọmọ mi ní mo ti pàdánù owó púpọ̀. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo mọ ẹni tó sùn lórí bẹ́ǹṣì nítorí mi, n kò lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wọn kí n sì jẹun.

Sátidé méjì ni Ìyá Ìbejì kò fi wá. Mo fọ aṣọ mi fúnra mi, ẹ̀yìn dùn mí. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo gbọ́ tí ó ń kó korobá lẹ́yìn ilé. Mo ní kó jẹ́ kí n máa san owó fún un báyìí, ó kọ̀. Mo ti ń fi sínú kóló kan fún ìwé àwọn ìbejì, kò tíì mọ̀.

Ilé kẹta ti san. Nígbà tí mo gbé ìwé ńlá jáde tí mo sì fi rìsíìtì lé wọn lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó dárúkọ Bàbá Ìbejì mọ́. Ọmọkùnrin ilé kẹrin ka èèyàn mẹ́ta mìíràn mọ́ ara rẹ̀ fún mi ní ọjọ́ owó sókàwéè. Ó ku ẹnì kan tó gbé pamọ́, mo rí bàtà rẹ̀, màá tún bá a sọ̀rọ̀.

Rìsíìtì àkọ́kọ́ tí mo já nínú ìwé tuntun, ₦20,000 ni, orúkọ Bàbá Ìbejì ló wà lára rẹ̀, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà pé gbèsè àtẹ̀yìnwá. Ó ku ti iná. Bàbá Agége, ẹ jọ̀wọ́, mítà kékeré yẹn, ẹyọ kan fún ilé kọ̀ọ̀kan ni mo máa rà ni, àbí àwọn méjì tó ń jà nìkan?